Ọba Kì í Ṣe Tẹ́ńtẹ́ń

Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi mọ́ pé àwọn ọmọ ìwòyí kò mọ àṣà ilẹ̀ wa. Ẹni tó bá ń sọ bẹ́ẹ̀ kò tíì kọ́ kíláàsì kẹta ní Òjòwò, ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Èmi tí mo kọ́ wọn, àṣà tí wọ́n mọ̀ yẹn ló há mi mọ́ ibi tí n kò ti lè lọ síwájú, tí n kò sì lè fà sẹ́yìn.

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ kan ni wọ́n pe àwa olùkọ́ sí ní Àgọ́-Ìwòyè, nínú gbọ̀ngàn kan tí fáànù rẹ̀ ń yí bí ẹni tí wọ́n fi tipátipá rán níṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń dá wa lẹ́kọ̀ọ́ wọ kóòtù nínú ooru yẹn. Ó ní ká yé na ọmọ. Ó ní dípò ká máa dọdẹ ọmọ tó ń ṣe ibi, ká máa ká ọmọ mọ́ ibi tó ti ń ṣe dáadáa, ká yìn ín lójú gbogbo ẹgbẹ́ rẹ̀, ká sì fún un ní ẹ̀bùn tí yóò mú kí àwọn yòókù fẹ́ ṣe bíi tirẹ̀. Olùkọ́ kíláàsì karùn-ún ilé ìwé wa ló jókòó tì mí. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Ọkùnrin yìí ní pàṣán kan tó ń pè ní "igbákejì mi". Bí igbákejì rẹ̀ bá sọnù, òun náà kì í wọ kíláàsì.

"Màdáàmù," ó ní, "ẹ lọ máa yin àwọn ọmọ Òjòwò o. Tí wọ́n bá gùn yín lórí tán, ẹ wá yá igbákejì mi."

Bí kò bá sọ̀rọ̀ yẹn, bóyá n kò bá ti gbé ètò náà délé. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé n kò lè ṣe nǹkan, màá ṣe é ni. Mo ṣẹ́ pàṣán tèmi sí méjì lọ́jọ́ kejì, lójú ẹ̀, mo sì jù ú sí ìdí ààtàn.

Ó ku ẹ̀bùn. Sítíkà tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn ní ká máa lẹ̀ mọ́ ìwé ọmọ, mo wá a káàkiri Ìjẹ̀bú-Igbó, n kò rí i. Mo wá bi ara mi léèrè pé kí ni nǹkan tí kò sí ọmọdé tí kì í wù. Mo ní oyè ni. Àga onígi kan wà ní ọ́fíìsì ọ̀gá àgbà wa tí apá rẹ̀ kan ń mì. Mo tọrọ rẹ̀, mo kan ìṣó mọ́ ọn, mo fi kọ́tìnnì pupa àtijọ́ bò ó. Mo gé páálí bisikíìtì, mo fi bébà dídán wé e, ó di adé. Mo gbé àga sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì mi, mo sì kéde pé ọmọ tó bá hùwà dáadáa jù lọ láàárín ọ̀sẹ̀ ni yóò jọba lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọba kò ní gbálẹ̀. Ọba kò ní roko. Ọba ni yóò máa lu agogo ìsinmi, òun la ó sì kọ́kọ́ jẹ́ kó máa lọ sílé.

Ẹ̀yin èèyàn mi, kíláàsì parọ́rọ́! Eṣinṣin ń fò, mò ń gbọ́ ìró apá rẹ̀. Àwọn tó máa ń jà nítorí bẹ́ǹṣì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé, "Jókòó, ọ̀rẹ́ẹ̀ mi, èmi á dúró." Olùkọ́ kíláàsì karùn-ún yọjú lójú fèrèsé, ó wò wọ́n, ó wò mí.

"Màdáàmù, kí lẹ fún wọn mu?"

"Ìyìn ni," mo ní. "Ṣé kí n bu díẹ̀ fún igbákejì yín?"

Mo yangàn o. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: mo yangàn débi pé mò ń rìn bí ẹni tí wọ́n ń tẹ ẹní fún. Ọmọ télọ̀ kan ló kọ́kọ́ jọba. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ rẹ̀ pé, tó ń bọ́ adé fún ẹlòmíì, ẹ̀rín tó rín gbòòrò débi pé mo rí èrìgì rẹ̀. Mo ní ọmọ yìí mà lẹ́mìí ìrẹ̀lẹ̀ o. Ó yẹ kí n ti fura.

Kò pẹ́ tí nǹkan fi bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Láti ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́bọ̀, áńgẹ́lì ni wọ́n. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, tó kù díẹ̀ kí n dárúkọ ẹni tí yóò jọba, Èṣù á wọlé. Èyí á súfèé. Èyí á da omi sórí ìwé ara rẹ̀. Ọmọbìnrin kan tí kì í la ẹnu rí tọ̀ mí wá, ó kúnlẹ̀.

"Ańtí, mo sọ̀rọ̀ nígbà tí ẹ kọjú sí pátákó."

"Mi ò gbọ́."

"Mo sọ ọ́, mà. Mo tún yọ ahọ́n sí yín."

"Kí ló dé tí o fi ń sọ fún mi?"

"Kí ẹ lè mọ̀ pé mi ò dáa ni, mà."

Ta ni irú èyí ti ṣẹlẹ̀ sí rí? Mo lọ tún ìwé tí wọ́n fún wa ní Àgọ́-Ìwòyè kà látòkè délẹ̀. Kò síbi tí wọ́n ti kọ ohun tí olùkọ́ yóò ṣe sí ọmọ tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ka òun mọ́ ọmọ burúkú.

Ọmọ kan ṣoṣo ni kò yí padà. Láti Ìbíadé létí omi ni wọ́n ti mú un wá, ọ̀dọ̀ ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ tó ń ta ẹja gbígbẹ ló ń gbé ní Òjòwò. Ọmọ tó ń gbé ilé tí kì í ṣe ti ìyá rẹ̀, ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí: á ti fọ àwo kí wọ́n tó ní kó fọ̀ ọ́, á ti kúnlẹ̀ kó tó rí ẹni tó fẹ́ kí. Ohun kan péré ló máa ń sọ ọ́ di ọmọdé, tẹ́ńtẹ́ń ni. Lábẹ́ igi mángòrò wa, àwọn ọmọbìnrin méjì á kojú síra wọn, wọ́n á pàtẹ́wọ́, wọ́n á fò, wọ́n á ju ẹsẹ̀ kan síwájú. Tí ẹsẹ̀ méjèèjì bá bára mu, ẹnì kan ti jẹ nìyẹn. Tí kò bá mu, ẹnì kejì ló jẹ. Mo ti gbàgbé èwo ni ti ta, ẹ má dá mi lẹ́jọ́. Ohun tí mo mọ̀ ni pé àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún pàápàá ń sá fún ẹsẹ̀ ọmọ Ìbíadé yìí.

Òun ló wá jọba. Ọ̀sẹ̀ yẹn parí, gbogbo àwọn yòókù ti bàjẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì, mo tún dárúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Tó bá ti lu agogo ìsinmi tán, tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tú jáde bí oyin, á gbé agogo sílẹ̀, á padà lọ jókòó. Mo rò pé oyè náà ló dùn mọ́ ọn. Inú yàrá olùkọ́ lèmi máa ń wà lásìkò ìsinmi, pẹ̀lú gààrí tútù mi.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ni ọ̀gá àgbà pè mí sí ọ́fíìsì rẹ̀. Obìnrin ni ọ̀gá wa, kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò.

"Àwọn ará ọ́fíìsì ẹ̀kọ́ ń bọ̀ lọ́jọ́ Ẹtì. Wọ́n ti gbọ́ nípa ọba yín. Tí ohun tí wọ́n bá rí bá wù wọ́n, gbogbo pàṣán ilé ìwé yìí ni mo máa gbà. Tí kò bá wù wọ́n, ẹ̀yin náà ẹ lọ gé tuntun."

Mo jáde, mò ń fò fẹ̀rẹ̀. Ọjọ́ kejì ni mo mọ̀ pé inú ẹ̀bìtì ni mò ń fò lọ.

Ìgò ojú mi ni mo gbàgbé sórí tábìlì. Mo padà wá mú un lásìkò ìsinmi. Àwọn ọmọ méjì dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì bí ọlọ́pàá. Nínú lọ́hùn-ún, ọmọ kan tí gbogbo wa ń pè ní ọmọ olóyè gbé àwo oúnjẹ ọ̀fẹ́ tí ìjọba ń fún àwọn ọmọ ilé ìwé dání. Ọmọ-ọmọ olóyè ni kí n wí, torí bàbá rẹ̀ àgbà ló wà lórí oyè. Eyín iwájú rẹ̀ méjèèjì ti ká, ṣùgbọ́n kò sí òfin ààfin tí ẹnu yẹn kò lè kà. Ẹyin sísè wà lẹ́nu náà báyìí.

"Ẹyin ta nìyẹn?"

"Ti Kábíyèsí ni, mà."

"Kí ló gbé e dé ẹnu ẹ?"

"Mò ń bá wọn tọ́ ọ wò ni, mà. Wọ́n lè ti fi nǹkan sí i."

"Ìyá olóúnjẹ ni yóò fi nǹkan sínú ẹyin? Láti inú èèpo?"

Ó gbé e mì kó tó dáhùn. "A kì í mọ̀, mà. Ayé le."

Mo wo ọba. Adé ti sọ̀ kalẹ̀ bo ojú rẹ̀ kan. Láti ìta, tẹ́ńtẹ́ń ń dún wọlé, pá-pá, pá-pá-pá. Lábẹ́ àga, ẹsẹ̀ ọmọ náà ń dáhùn lórí sìmẹ́ǹtì, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, bí ẹni pé ẹsẹ̀ yẹn kì í ṣe tirẹ̀.

"Ṣé o ti jẹun?"

"Mo jẹ díẹ̀, mà."

"Ọba kì í jẹun lójú èèyàn," ọmọ olóyè bá a ṣàlàyé. "Ìró la fi máa ń bò wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni ìró ti mú un lọ sílé."

"Jíjáde lọ ṣeré ńkọ́?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tó sọ̀sọkúsọ. "Háà, Ańtí! Ọba kì í ṣe tẹ́ńtẹ́ń!"

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Bàbá àgbà mi. Ọba kì í sáré. Ọba kì í fò. Tí ẹnì kan bá wá jẹ ọba nínú tẹ́ńtẹ́ń ńkọ́? Ta ló máa gbọ́ ẹjọ́ yẹn?"

"Páálí bisikíìtì ni adé yìí," mo ní. "Èmi ni mo gé e."

Ọmọ olóyè rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀, bí ẹni tó ń túfọ̀ fún mi. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yin lẹ ní ọba ni, mà."

Mo lé gbogbo wọn síta, ó ku èmi àti ọba. Mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú, mo tún adé náà ṣe lórí rẹ̀.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Ẹ ní ẹ̀bùn ni, mà. A kì í kọ ẹ̀bùn."

"Nítorí èyí làwọn yòókù ṣe ń hùwàkuwà lọ́jọ́ Ẹtì?"

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni.

"Ìwọ ńkọ́? Kí ló dé tí ìwọ kò hu tìrẹ?"

"Mo gbìyànjú, mà." Ó wo ọwọ́ rẹ̀. "Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, mo ní kí n pariwo. Ohùn mi ò jáde."

Ẹ̀rín kọ́kọ́ fẹ́ pa mí, kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi. Ẹ̀bùn mi ni gbogbo kíláàsì ń sá fún, wọ́n sì ti sá tán, wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n sá.

Mo ní n kò ní gbà. Lọ́jọ́rú mo pàṣẹ pé ọba gbọ́dọ̀ jáde lọ ṣeré. Wọ́n gbọ́ràn sí mi lẹ́nu, ẹ kò rí bí wọ́n ṣe gbọ́ràn. Agboòrùn mi tó wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn ni wọ́n ṣí lé e lórí. Ẹnì kan ń lọ níwájú, ó ń kó òkúta kúrò lọ́nà. Nígbà tí wọ́n dé ìdí mángòrò, ọmọbìnrin tó yẹ kó bá a fò kúnlẹ̀.

"Dìde kí o fò!" mo pariwo.

"Ẹ̀rù ń bà mí, mà."

Ọmọ Ìbíadé fò lẹ́ẹ̀kan, òun nìkan. Adé bọ́ sílẹ̀. Igbe tí wọ́n ké, ẹ ó rò pé ilé wó ni. Fúnra rẹ̀ ló mú un nílẹ̀, ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ kúrò lára rẹ̀, ó sì rìn padà lọ sórí àga láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un.

Ní Ọjọ́bọ̀ mo ní ó tó. Mo ṣí adé kúrò lórí rẹ̀ níwájú gbogbo wọn, mo ní oyè ti parí.

"Kí ló ṣe, mà?" ọmọ olóyè ló bèèrè.

"Kò ṣe nǹkan kan."

"A kì í rọ ọba lóyè láìṣẹ̀, mà. Ó ní láti jẹ́ pé ó ṣe nǹkan."

"Ó jalè ni?" ohùn kan wí láti ẹ̀yìn.

Ojú ọmọ Ìbíadé kún fún omi. "Mi ò mú nǹkan kankan, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fẹjọ́ mi sun àwọn ará ilé wa."

Kíá ni mo dá adé padà sórí rẹ̀. Kí ni ǹ bá ṣe? Tí mo bá fi í sílẹ̀ lórí àga, ìyà ni. Tí mo bá yọ ọ́, ẹ̀sùn ni. Ẹlòmíì tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀ kò sí. Wọ́n ti mú ìwà burúkú pamọ́ de ọjọ́ Ẹtì bí ẹni tó ń tọ́jú aṣọ ọdún. Tí mo bá sì sọ fún ọ̀gá àgbà pé kí wọ́n má wá mọ́, igbákejì kan wà ní kíláàsì karùn-ún tó ń retí ìròyìn. Ẹni tó ni ín pàdé mi lẹ́nu géètì lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn.

"Màdáàmù, mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ rọ ọba."

"Ta ló sọ fún yín?"

"Gbogbo Òjòwò." Ó na pàṣán sí mi, ìdí rẹ̀ ló kọ sí mi, tìtẹríba-tìtẹríba. "Ẹ gbà á. Ọ̀la kọ́ ni kí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá a."

N kò gbà á. Ṣùgbọ́n nínú takisí tó ń gbé mi lọ sílé ní Àgọ́-Ìwòyè, tí wọ́n fún mi pọ̀ mọ́ obìnrin kan àti àpò kókò rẹ̀ débi tí n kò lè gbé ọwọ́ láti nu òógùn, mò ń ro bí ọmọ yẹn yóò ṣe jókòó lọ́la, tí èmi yóò dúró tì í, tí a ó jọ máa rẹ́rìn-ín fún àlejò.

Wọ́n dé. Ìyá kan tó ga ló ṣáájú, bàtà rẹ̀ ń dún kò-kò-kò. Ọkùnrin kan tẹ̀ lé e tí n kò gbọ́ ohùn rẹ̀ títí wọ́n fi lọ. Ọ̀gá àgbà dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bí ìyá náà ti rí àga, bẹ́ẹ̀ ló tẹríba.

"Kábíyèsí o! Báwo ni oyè?"

"A dúpẹ́, mà."

"Ọba kì í pe èèyàn ní 'mà'," ọmọ olóyè sọ lábẹ́lẹ̀, gbogbo wa sì gbọ́.

Ìyá náà rẹ́rìn-ín. Ó yẹ ìwé wò, ó bi wọ́n ní ìbéèrè, wọ́n dáhùn bí akéwì. Lẹ́yìn náà àkókò ìsinmi tó. Ọba dìde, ó lu agogo, ó padà lọ jókòó. Kò sẹ́ni tó jáde, torí àlejò.

"Kábíyèsí," ìyá náà ní, "níbo lẹ̀yin ti máa ń ṣeré tiyín?"

Ọmọ náà wò mí. N kò mọ ibi tí mo lè gbé ojú sí.

"Ọba kì í ṣeré," ó ní.

Ìyá náà yíjú sí mi, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tún bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọ náà, ohùn rẹ̀ rọ̀.

"Kí ni ọba wá ń ṣe?"

Ọmọ Ìbíadé ronú. A gbọ́ bí àga ṣe ń dún lábẹ́ rẹ̀. Ó kọjú sí ọmọ olóyè.

"Ṣé ọba máa ń rìnrìn-àjò?"

Ọ̀rọ̀ òfin ni, kò lè parọ́. "Ó máa ń rìn ín. Bàbá àgbà mi ní ọba máa ń lọ Mẹ́kà. Ó máa ń lọ Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Ṣùgbọ́n àga kò gbọdọ̀ ṣófo o. Adelé gbọ́dọ̀ wà."

"Tí ọba bá dé ọ̀hún, ṣé ó lè sáré?"

Ó họ orí. "Níbi tí wọn ò mọ̀ ọ́n? Ta ló máa rí i?"

Ọmọ náà bọ́ adé, ọwọ́ méjèèjì ló fi gbé e. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó wá kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Ańtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi ṣe adelé."

"Níbo lò ń lọ?"

"Ìdí mángòrò, mà."

Ó ti wà níta kí n tó jókòó tán. Mo mọ̀ pé mo jókòó torí ọwọ́ kéékèèké ló tì mí sórí àga, wọ́n fi adé lé gèlè mi, wọ́n tún kọ́tìnnì ṣe lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Ìyá àlejò di tábìlì mú, ẹ̀rín ń mì ín tìtì. Bóyá ó máa sọ pé ètò mi dára tàbí kò dára, n kò ráyè bèèrè. Oúnjẹ ti dé.

"Adelé kúkú lè jẹun lójú èèyàn?" mo ní.

"Òfin kan náà ni, mà," ọmọ olóyè ní. Ó ti ń bó ẹyin.

Olùkọ́ kíláàsì karùn-ún wá wo bí nǹkan ṣe ń lọ, igbákejì wà lábẹ́ abíyá rẹ̀. Àwọn ọmọ méjèèjì tó ń ṣe ẹ̀ṣọ́ na ọwọ́ dí ẹnu ọ̀nà.

"A kì í mú pàṣán wọ ààfin, sà."

Ó wò mí lórí àga, adé ń tàn yanran lórí mi. Ó wo ọ̀gá àgbà. Díẹ̀díẹ̀ ló gbé pàṣán ti ògiri síta, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ. "Kábíyèsí!"

"Adelé ni, sà," àwọn ẹ̀ṣọ́ tún un ṣe fún un.

Ìta ni etí mi wà. Pá-pá, pá-pá-pá. Mo na ọrùn, mo rí ẹsẹ̀ rẹ̀ láàárín ogunlọ́gọ̀, ó gbé e sókè, ó jù ú síwájú, erùpẹ̀ gbéra. Ohùn kan sì ké jáde, "Mo jẹ ẹ́!", ohùn tó le, tó burú, irú èyí tí mo máa ń torí rẹ̀ lé ọmọ síta nígbà kan. N kò gbọ́ irú rẹ̀ lẹ́nu ọmọ yẹn rí.

Ọ̀rọ̀ pàṣán, àwọn àlejò ní àwọn yóò ránṣẹ́. Wọn kò tíì ránṣẹ́. Ọba náà kò tíì dé láti ìrìn-àjò. Gbogbo àsìkò ìsinmi tó kù nínú táàmù yẹn, èmi ni mo lò ó lórí àga, gààrí mi ń rọ̀ nínú yàrá olùkọ́. Mo gbìyànjú lọ́jọ́ kan láti yọ́ dìde. Àwọn ẹ̀ṣọ́ yíjú wò mí. Ọmọ olóyè gbé ẹyin mi mì, ó nu ẹnu.

"Ẹ fara balẹ̀, mà," ó ní. "Ọba ò ní pẹ́ dé."